Kànga Tí Ọba Amástán Dí

— Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

— Ààlọ́ mi di ẹrù iyọ̀, ó gun ràkúnmí, ó kọrí sí Òkè Ọya, ó kọjá ilẹ̀ Haúsá, kò dúró, ó di ọ̀dọ̀ Amástán, ọba inú aṣálẹ̀.

Ẹ sún mọ́ mi. Àwẹ̀ró, gbé àpótí rẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ríbi jókòó. Ìtàn yìí, bàbá mi ló gbé e bọ̀ láti Òkè Ọya nígbà tó ń kó obì lọ tà lọ́hùn-ún. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni èmi náà yóò ṣe sọ ọ́ fún yín.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, ìlú kan wà láàrin aṣálẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Inẹsúfù. Àwọn Túárẹ́gì ló tẹ̀ ẹ́ dó. Bí o bá dúró níbẹ̀, tí o wo iwájú, yanrìn ni. Bí o bá wo ẹ̀yìn, yanrìn ni.

— Ìyá àgbà, kí ni wọ́n wá ń jẹ?

Ọ̀jẹ́lékè, mo mọ̀ pé ìwọ lo máa bi mí. Ẹ̀yìn ràkúnmí loko wọn. Wọ́n á lọ sí ìlà-oòrùn níbi tí iyọ̀ wà nínú ilẹ̀, wọ́n á bu ú, wọ́n á dì í, wọ́n á gbé e lọ sí gúúsù níbi tí òjò ti ń rọ̀. Wọ́n á fi pààrọ̀ jéró àti aṣọ. Wọ́n á tún da ràkúnmí padà wálé. Gbogbo oníṣòwò tó bá la aṣálẹ̀ kọjá, Inẹsúfù ni wọ́n ti ń sinmi, ìlú náà sì lọ́lá. Ṣùgbọ́n ọlá orí ìrìn ni. Bí ràkúnmí bá dé, ìkòkò á hó. Bí kò bá dé, ìkòkò á dákẹ́.

Àwọn ọkùnrin wọn ló ń bo ojú. Aṣọ ẹlú ni wọ́n ń wé mọ́ orí àti ẹnu, ẹyinjú nìkan ni o ó máa rí. Àwọn obìnrin kì í bo tiwọn. Obìnrin ló sì ni àgọ́. Bí ọba bá wàjà, ọmọ ọba kì í jọba. Ọmọ tí arábìnrin ọba bí ló ń jẹ ẹ́.

Ọba Amástán ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ṣoṣo, Kẹ́là lorúkọ rẹ̀. Kẹ́là bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, Ilatán. Ọmọ kan yẹn ni gbogbo ìlú gbójú lé.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Ilatán ló ṣáájú ọ̀wọ́ ràkúnmí lọ sí gúúsù. Kí ó tó lọ, ó wá kí ìyá rẹ̀ àti ọba.

Ó ní, "Ọ̀nà Òkè la ó gbà bọ̀. Omi òjò máa ń dúró nínú kòtò àpáta níbẹ̀. Ẹ má wo Ọ̀nà Kànga tó gba ìlà-oòrùn yí wá, a ò ní gba ibẹ̀."

Abo ràkúnmí àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Tabẹ́là ló ń síwájú àwọn yòókù. Ó wo Kẹ́là, ó ní, "Ìyá, bí ẹsẹ̀ mi bá ṣì gbé mi, màá mú un padà wá fún yín."

Ni wọ́n bá lọ.

Oṣù lé, oṣù wọ̀. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n dé kọjá, kò sẹ́ni tó rí wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin á gun òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n á fi ọwọ́ bo iwájú orí, wọ́n á máa wo gúúsù. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Jéró tó kù nínú àpò ò tó nǹkan mọ́. Ìyá ọlọ́mọ á ṣe ọbẹ̀ wàrà ràkúnmí fún àwọn ọmọ, á ní òun ti jẹ tòun níbi iná.

— Irọ́ ni, kò tíì jẹun.

O mọ̀ ọ́n, Àwẹ̀ró. Kò tíì jẹun.

Ọba Amástán kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ẹ̀rù ló ń jẹ ẹ́. Ó wà ní kékeré nígbà tí àwọn jàǹdùkú kan wá jó àgọ́ ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ewúrẹ́ bá sín, á ní ogun dé. Ìgbà tí ọ̀wọ́ ràkúnmí wá pẹ́ báyìí, oorun fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ní ọjọ́ kan, Kannakánná fò dé láti ìlà-oòrùn, ó bà sórí àgọ́ ọba.

"Kábíyèsí, mo rí eruku. Mo rí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Mo rí ohun gígùn gígùn lẹ́yìn ràkúnmí wọn."

"Ọ̀kọ̀ ni?"

"Ó jọ ọ̀kọ̀."

"Ṣé o sún mọ́ wọn?"

"Rárá o, Kábíyèsí. Ta ni yóò máa sún mọ́ ọ̀kọ̀?"

"Ibo ni wọ́n dorí kọ?"

"Kànga Ààrin."

Kànga Ààrin nìkan ni omi tó wà láàrin ìlà-oòrùn àti Inẹsúfù. Àwọn baba ńlá wọn ló gbẹ́ ẹ. Ẹni tí kò bá mu omi níbẹ̀ kò lè dé ìlú láàyè. Ọba jókòó, ó ronú, ó tún dìde. Ó fẹ́ pe Kẹ́là kó bi í léèrè, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí Kẹ́là máa sọ. Nítorí náà kò pè é. Wangrín, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́, ló pè.

Ó ní, "Ẹ lọ dí Kànga Ààrin. Ẹ to òkúta sí i, kí ẹ da yanrìn lé e. Ẹ má sọ fún ẹnì kankan."

Wangrín dúró, kò lọ. "Kábíyèsí, ọkàn mi ò gbà á. A kì í dí kànga."

"Ṣé kí wọ́n wá pa wá ni? Ọ̀nà Òkè ni Ilatán ń gbà bọ̀. Kò sí ọmọ wa kankan lójú ọ̀nà yẹn."

Wangrín lọ. Ìrìn ọjọ́ méjì ni ibẹ̀. Wọ́n dí kànga náà, wọ́n padà wá jíṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọba sùn.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé àgọ́ Kẹ́là. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ aṣálẹ̀ ni, kò tóbi ju ológbò lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Ìyá, ẹ fún mi lómi."

Kẹ́là fún un. Ó lá a tán.

"Ọ̀nà Òkè ni mo ti ń bọ̀. Kòtò àpáta ti gbẹ, gbogbo rẹ̀. Èmi tí ìrì tó mi í mu, n kò rí nǹkan lá. Mo bá Ilatán pàdé. Ó ní kí n sáré wá sọ fún yín pé àwọn ti yà sí Ọ̀nà Kànga. Ó ní omi tó kù lọ́wọ́ àwọn yóò gbé àwọn dé Kànga Ààrin. Ó ní omi náà ò lè gbé àwọn kọjá ibẹ̀."

Inú Kẹ́là dùn débi pé kò wọ bàtà. Ó sáré dé àgọ́ ọba.

"Amástán, ọmọ wa ń bọ̀. Ọ̀nà Òkè gbẹ. Kànga Ààrin ló ń gbà bọ̀."

Ife wàrà bọ́ lọ́wọ́ ọba. Ojú rẹ̀ nìkan ni Kẹ́là rí láàrin aṣọ ẹlú, ṣùgbọ́n ojú náà tó.

Ó bi í jẹ́jẹ́, "Kí lo ṣe?"

Ọba sọ fún un.

Kẹ́là ò ké. Ó jókòó sílẹ̀ lórí yanrìn bí ẹni tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Dìde. Lọ wá ọkọ́."

Bí wọ́n ṣe gbéra nìyẹn. Àwọn obìnrin, àwọn ẹ̀ṣọ́, àti ọba fúnra rẹ̀. Wọ́n di omi sínú àpò awọ, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n mú èso dàbínù tó kù nílé. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jókòó níwájú Kẹ́là lórí gàárì. Atẹ́gùn ń fẹ́, yanrìn ń wọ̀ wọ́n lójú, wọn ò dúró.

Ọba á ní, "Ṣé a ó tètè dé?" Kẹ́là á na ràkúnmí rẹ̀. Ó tún di díẹ̀ sí i: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé a ó tètè dé?" Kẹ́là á tún nà án. 

Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Kànga Ààrin, wọ́n rí àwọn ènìyàn níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yọ idà.

— Ogun náà ti dé!

Ẹ dúró ná. Kẹ́là ní kí wọ́n dá idà padà. Ó ti rí i pé ohun gígùn gígùn tí Kannakánná rí, igi àgọ́ ni. Àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀, àwọn arúgbó, àwọn ewúrẹ́ tó ti dùbúlẹ̀ tí wọn ò lè ké. Ọ̀dá ló lé wọn kúrò nílùú wọn. Àwọn tó ṣì lágbára díẹ̀ ń fi ọwọ́ wa yanrìn. Àwọn kan ń fi ìkòkò wà á.

Obìnrin kan dìde láàrin wọn. Mẹ́rámù lorúkọ rẹ̀, òun ló ń kó wọn lọ. Ètè rẹ̀ ti là.

"Ìyá, bí ẹ bá ní omi, àwọn ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún."

Kẹ́là tú àpò awọ. Àwọn ọmọ mu, àwọn arúgbó mu, àwọn yòókù mu díẹ̀ díẹ̀. Mẹ́rámù mu tirẹ̀ gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí òkìtì kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bò.

"Ìyá mi nìyẹn. Ó ń rìn, ó ń sọ pé bí a bá ti dé ìdí kànga, òun á sinmi. A dé ìdí kànga. Ènìyàn ló dí i, ìyá. Atẹ́gùn kì í to òkúta. Ta ló dí i?"

Wangrín ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ọba ti bọ́ síwájú. Ó tú aṣọ ojú rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Láàrin àwọn Túárẹ́gì, ohun ìtìjú ńlá ni.

Ó ní, "Èmi ni."

Àbúrò Mẹ́rámù fa ọ̀bẹ yọ. Kẹ́là bọ́ sáàrin wọn.

"Àbúrò mi ni. Ọmọ mi ń bọ̀ lójú ọ̀nà yìí, omi sì ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pa ọba nísinsìnyí, ọwọ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ á dín kan. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́lẹ̀ ná. Bí omi bá jáde, ẹ dá ẹjọ́ yín, n kò ní dúró láàrin yín mọ́."

Mẹ́rámù wo òkìtì kékeré náà. Ó wo àwọn ọmọ.

"Ẹ gbẹ́lẹ̀," ni ó wí.

Ọba ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Ọwọ́ tí kò di ọkọ́ mú rí, ó ti bó kí oòrùn tó dé àtàrí. Kẹ́là ló ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Ẹ bá mi gbè é o.

Yanrìn, yanrìn, ṣíwọ́ fún wa.
— Omi ń bẹ nísàlẹ̀.
Ọmọ wa ń bọ̀, ètè rẹ̀ gbẹ.
— Omi ń bẹ nísàlẹ̀.
Àlejò dé, ètè rẹ̀ gbẹ.
— Omi ń bẹ nísàlẹ̀.
Òkúta wúwo, gbé e kúrò.
— Omi ń bẹ nísàlẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ ẹ, ó ya lulẹ̀. Wọ́n tún gbẹ́ ẹ, ó tún ya lulẹ̀. Nígbà kan, yanrìn bo ọba dé ọrùn, ó ń mí fùkẹ̀fùkẹ̀. Àbúrò Mẹ́rámù, ẹni tó fa ọ̀bẹ yọ sí i, ló sọ okùn sí i, tó fà á jáde. Ọba nu ojú, ó padà sọ̀ kalẹ̀.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi etí lélẹ̀.

"Ẹ yà sí ọwọ́ òsì. Mò ń gbọ́ omi níbẹ̀. Ibi tí ẹ kọjú sí yẹn, òkúta ni."

Wọ́n yà sí ọwọ́ òsì. Yanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ó di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ náà di omi dúdú. Omi dúdú mọ́ díẹ̀ díẹ̀. Àwọn ewúrẹ́ gbóòórùn rẹ̀, wọ́n gbórí sókè.

Ṣùgbọ́n Ilatán kò dé.

Oòrùn wọ̀, kò dé. Oòrùn yọ, kò dé. Wọ́n kó ìgbẹ́ ràkúnmí jọ, wọ́n dáná sí i kí èéfín lè ga. Kẹ́là dúró ní ojú kan, kò jẹ dàbínù, kò jókòó. Bí òjìji kan bá mì lọ́nà jíjìn, gbogbo wọn á dìde. Ooru ni. Wọ́n á jókòó.

— Ìyá àgbà, ṣé Ilatán ti kú ni?

Ohun tí gbogbo wọn ń bi ara wọn nínú ikùn nìyẹn.

Nígbà tí oòrùn fẹ́rẹ̀ dé àtàrí, ràkúnmí kan yọ lórí òkìtì yanrìn. Òun nìkan ni. Kò sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó gùn ún, okùn gígé sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tabẹ́là ni. 

Tabẹ́là dé ọ̀dọ̀ Kẹ́là.

"Ẹ̀yìn òkìtì yanrìn pupa ni wọ́n wà. Wọn ò lè rìn mọ́. Ilatán ló gé okùn mi. Ó ní imú mi á mọ ibi tí omi wà. Ẹ yára."

Wọn ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rọ omi kún àpò awọ, wọ́n sáré. Àwọn ènìyàn Mẹ́rámù náà bá wọn lọ, kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n bá àwọn ọkùnrin náà lábẹ́ òjìji ràkúnmí wọn. Àpò jéró yí wọn ká, jéró tí ìlú ń retí, kò sí omi tí wọn yóò fi sè é. Àwọn mìíràn gbọ́ ohùn ènìyàn, wọ́n la ojú. Àwọn mẹ́ta kò la ojú mọ́ láé.

Ilatán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kẹ́là rẹ etí aṣọ rẹ̀ sínú omi, ó ń kán an sí i lẹ́nu, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ọ̀fun ọmọ náà gbéra, ó gbé e mì. Ó la ojú, ó mọ ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá mi, ṣé ìlú ti jẹun?"

Ìgbà yẹn ni Kẹ́là tó sunkún.

Wọ́n padà sí ìdí kànga. Wọ́n sin àwọn mẹ́ta náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Mẹ́rámù. Ọba dúró níwájú Mẹ́rámù, ojú rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí síbẹ̀.

"Omi ti jáde. Ọwọ́ yín ni mo wà."

Àwọn kan ní kí wọ́n pa á. Aya ọ̀kan nínú àwọn tó kú, ará Inẹsúfù gan-an, òun náà ní kí wọ́n pa á. Kẹ́là yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sọ̀rọ̀. Ó ti ṣèlérí.

Mẹ́rámù kọjú sí ọba.

Ó ní, "Bí mo bá pa á, ìyá mi ò ní jí mu omi. Kó dúró síbí. Kó máa fa omi. Ẹnikẹ́ni tó bá dé, òun ni kó fa omi fún un. Kó má bi í pé ta ni ọ́, kó tó fún un."

Amástán ní òun gbà. Ó tú láwàní ọba lórí, ó wé e fún Ilatán. Ilatán ò fẹ́ gbà á. Ó ní ìyá òun àti àbúrò ìyá òun, kò sí ẹni tí òun lè jọba lé lórí nínú wọn. Kẹ́là ní, "Gbà á." Ó gbà á.

Ilatán ṣe òfin kan: ẹnikẹ́ni tó bá dí kànga, ì báà ṣe ọba, kò ní ilé mọ́ ní Inẹsúfù. Àwọn ènìyàn Mẹ́rámù bá wọn dé ìlú, wọ́n pa àgọ́, wọ́n ń da ewúrẹ́, àwọn Túárẹ́gì ń da ràkúnmí, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Nígbà tí àwọn oníṣòwò gbọ́ pé Kànga Ààrin kì í lé ẹnikẹ́ni, ọ̀nà yẹn ni gbogbo wọn ń gbà. Iyọ̀ ń kọjá, wúrà ń kọjá, obì ilẹ̀ tiwa níhìn-ín ń kọjá. Bí Inẹsúfù ṣe di ìjọba ńlá nìyẹn.

Àwọn àlejò kì í mọ̀ pé baba arúgbó tó ń fa omi fún wọn ti jọba rí. Wọ́n á ní, "Baba, ẹ ṣeun." Òun náà á ní, "Ẹ mu sí i."

Lọ́dọọdún ni Mẹ́rámù ń wá sí ibojì ìyá rẹ̀. Bí ó bá dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa omi tirẹ̀. Kò gba omi lọ́wọ́ Amástán rí. Amástán á sún kúrò nídìí okùn fún un, á dúró lọ́nà jíjìn títí yóò fi mu tán.

Àwọn méjèèjì darúgbó. Ní ọdún kan, Mẹ́rámù dé, ó dìde nídìí ibojì ìyá rẹ̀, ó dé ìdí kànga, ó wo okùn. Kò fà á. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

Amástán fa omi. Ìdajì rẹ̀ dà sílẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbé igbá fún un. Mẹ́rámù mu ún, ó mu ún tán, ó dá igbá padà.

Ó ní, "Omi náà tutù."

Ó gun ràkúnmí rẹ̀, ó lọ.

— Ìyá àgbà, ṣé ó ti dárí jì í nìyẹn?

Àwẹ̀ró, bàbá mi ò sọ fún mi. Ó ní ó mu omi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tí kì í bà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rù bá ní kí ẹ ṣe níkọ̀kọ̀, ẹ bi ẹlòmíràn léèrè kí ẹ tó ṣe é. Ẹ má sì ba ohun tí gbogbo ayé ń mu jẹ́ nítorí ẹni tí ẹ ò tíì rí ojú rẹ̀. Kànga tí a dí mọ́ àlejò, ọmọ ẹni ni òùngbẹ yóò pa sí ìdí rẹ̀.

Ibi tí ràkúnmí ààlọ́ mi kúnlẹ̀ sí rèé, mo sọ ẹrù kalẹ̀. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí iyọ̀ má dùn lẹ́nu mi mọ́. Bí òótọ́ ni mo sì sọ, ẹ ní, "Ó dùn, a gbọ́."

— Ó dùn, a gbọ́!

Ó yá, ẹ kó ẹní yín wọlé.